Tírè Ẹlẹ́ni Mẹ́rin Lẹ́bàá Afárá

Òórùn ọ̀dà tuntun a máa mú kí ebi pa mí. Mo mọ̀ pé ó lè yà ọ́ lẹ́nu, torí orí máa ń fọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn bí wọ́n bá wọ ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ní tèmi, bí mo bá ti gbóòórùn ọ̀dà tí kò tíì gbẹ dáadáa, tí èéfín ẹran yíyan wá dà pọ̀ mọ́ ọn, itọ́ á dà lẹ́nu mi, inú mi á sì máa dùn láìnídìí. Kaduna ló kó èyí bá mi, lọ́dún tí mo parí àgùnbánirọ̀, tí mo padà sílé àwọn òbí mi ní Barnawa, tí mo ń retí iṣẹ́ tí kò yára dé. Nígbà yẹn, ó dà bí ẹni pé kò sí oṣù tí wọn kì í ṣí ilé oúnjẹ tuntun nílùú náà. Lónìí o máa kọjá níwájú ilé kan tí wọ́n ti tì pa, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n á ti so iná aláwọ̀ mèremère mọ́ ọn lára, wọ́n á ti gbé àga síta, àwọn èèyàn á sì ti máa fi fóònù ya àwòrán ìrẹsì.

Àwa mẹ́ta la jọ ń jáde. Èmi nìyẹn, ẹnì kejì ni ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan tó ń gbé ní Ungwan Dosa, ní òdì kejì odò, ọmọ Alhaji kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tó ń ta aṣọ lọ́jà, ẹnì kẹta ni ọ̀rẹ́ wa ọkùnrin kan ní Mahuta. Òun ló ní mọ́tò, bí a bá lè pe ohun tí a máa ń tì kó tó gbéra ní mọ́tò. Yunifásítì la ti mọ ara wa. Yorùbá ni ará Mahuta yìí, Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá, ṣùgbọ́n bí o bá bá a sọ Yorùbá láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, Hausa ni yóò máa fi dá ọ lóhùn, kò sì ní rí i pé ohun kan ṣe àjèjì níbẹ̀.

A ní òfin tiwa. Ilé oúnjẹ tí a máa lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun débi pé òórùn ọ̀dà ṣì wà lára ògiri rẹ̀. Bí a bá lọ sí apá Barnawa lọ́sẹ̀ yìí, apá àríwá odò ló kàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Oníkálukú ló ń yan ibi tí a máa lọ nígbà tó bá kàn án, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dìde nídìí tábìlì kí a tó fún ibẹ̀ ní máàkì nínú mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ mi ará Ungwan Dosa ni akọ̀wé. Ó ní ìwé kan tó ní ẹ̀yìn búlúù, ó sì máa ń kọ ọ́ bí ẹni tó ń kọ ìwé ẹjọ́: bí adìyẹ ṣe rọ̀ tó, bí wọ́n ṣe kí wa, bóyá omi wà nínú ilé ìyàgbẹ́. Mo rántí ibì kan tí fáànù wọn le débi pé ó gbé ewé letusi kúrò lórí àwo mi lọ sórí àwo ẹlòmíràn. Mo rántí ibòmíràn tí a ti jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n gbé tíì oníkànáfùrù wá fún wa nínú ife kéékèèké, tí ará Mahuta mu méje, tó ní òun kò tíì mọ bó ṣe rí lẹ́nu.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí lára mi, torí bí n kò bá ṣàlàyé rẹ̀, o kò ní mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà mí tó bẹ́ẹ̀ nígbà tó yá. Láti Mọ́ńdè dé Jímọ̀, ẹni tó ń kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni mí, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń rán lọ lọ ata, ẹni tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń bi pé, "Ó ti ṣẹnuure ni?" tí yóò sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ìbéèrè náà kò dùn ún. Kò sẹ́ni tó ń bi mí léèrè ohun tí mo rò nípa ohunkóhun. Ṣùgbọ́n bó bá di ọ̀sán Sátidé, tí a bá jókòó yí tábìlì tuntun ká, ọ̀rẹ́ mi á ṣí ìwé rẹ̀, á gbójú sókè, á ní, "Ìwọ ńkọ́, kí lo rí?" Wọ́n á sì dákẹ́ gbọ́ mi. Mo máa ń sọ̀rọ̀ jù, mo mọ̀. Bí wọ́n bá bi mí nípa ata, màá dé orí ìgbà èwe mi. Síbẹ̀ wọ́n máa ń dákẹ́ gbọ́ mi.

Wàhálà dé ní Sátidé kan tí a lọ jẹ ẹja yíyan ní ibì kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní Barnawa. Wọ́n ń ta bíà níbẹ̀. Máàtì ni ọ̀rẹ́ mi mu, ẹja ló jẹ, ilẹ̀ kò sì tíì ṣú tó fi wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti rí i, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó délé. Alhaji kò pariwo. Ó kàn ní, "Ilé ọtí ni wọ́n ti rí ọmọ mi," ó sì ní kò gbọ́dọ̀ bá wa jáde mọ́. Ọmọ náà bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó yá, Alhaji ní òun gbà kó jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ni òun máa wá mú un níbẹ̀ ní aago mẹ́rin, kí òun fi ojú ara òun rí irú ibi tí a ń lọ àti irú èèyàn tí a jẹ́. Bí ohun tí òun bá rí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, ó parí nìyẹn.

Èmi ni ó kàn láti yan ibi tí a máa lọ.

Mo yan ilé oúnjẹ kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lẹ́bàá afárá, mo ní bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ odò ni, kò sẹ́ni tó máa sọ pé wọ́n fa ọmọ òun jìnnà. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ mo dá lọ síbẹ̀. Mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fi ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí òun nìkan ni mo ti lọ̀ sílẹ̀, mo sì mú bírò àti ìwé dání kí n má baà gbàgbé nǹkan kan. Mo bi mánéjà wọn bóyá wọ́n ń ta ọtí. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ibi tí èèyàn ti lè kírun wà. Ó mú mi lọ sẹ́yìn, mo rí ẹní àti bútà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Mo wo ṣáláńgá. Mo wo ilé ìdáná. Mo bi í irú òróró tí wọ́n ń lò, mo sì fi kún un pé, "Iyọ̀ ńkọ́? Mo lérò pé ẹ kì í fi púpọ̀ sí i?" Mánéjà náà fi áńkáṣíìfù nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Màdáámù, a ó ṣàtúnṣe." Mo rò pé ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà kàn jẹ́. Inú mi dùn débi pé mo fẹsẹ̀ rìn dé ìdajì ọ̀nà ilé.

Ní Sátidé, ará Mahuta wá gbé mi. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, odò ti kún, ó pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, àwa méjèèjì sì ń pariwo orin nínú mọ́tò bí ẹni pé a kò ní ohun kankan láti pàdánù. Inú mi ń dùn, àyà mi sì ń já, n kò sì mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́. Ọ̀rẹ́ wa obìnrin ti ń dúró dè wá lẹ́nu géètì ilé oúnjẹ náà. Nígbà tí a wọlé, òórùn ọ̀dà gbá mi nímú. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn àga ṣì wà lára wọn. Àwọn olùgbáwo méjì dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì ẹnu ọ̀nà, wọ́n tẹrí ba. Tábìlì tiwa nìkan ni wọ́n gbé òdòdó sí nínú gbogbo ilé náà.

"Kai!" ni ará Mahuta wí. "Yau mun zama manyan mutane." Ó ń sọ pé a ti di èèyàn ńlá lónìí.

Ohun tí wọ́n fi ń polówó ilé oúnjẹ náà ni tírè ńlá kan tí wọ́n ń gbé wá fún èèyàn mẹ́rin: ìrẹsì láàárín, adìyẹ yíyan lórí rẹ̀, máásà funfun tí wọ́n fi ìrẹsì ṣe yí etí tírè ká, àti abọ́ ọbẹ̀ taushe tí wọ́n fi elégédé sè. Wọn kò ní ti ẹlẹ́ni mẹ́ta. A ní kí wọ́n gbé e wá bẹ́ẹ̀. Ètò wa ni pé a ó ti jẹ tán, a ó ti fọ ọwọ́, a ó sì ti dúró lẹ́nu géètì bí ọmọ ilé kéú kí Alhaji tó dé. Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà kò dé. Mánéjà á wá, á ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, a ń fara balẹ̀ ṣe é ni," á tún sá wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù kí tírè náà tó dé. Ṣe ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tí ọ̀rẹ́ mi sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Bàbá mi nìyẹn."

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ga, ó tín-ín-rín, ó wọ káfútáánì funfun, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ torí ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bọ̀. Ó wo àjà. Ó wo àwọn tó jókòó sí tábìlì kejì. Mo rí ìgò máàtì ará Mahuta lójú tábìlì, ìgò dúdú, mo sì rí i bó ṣe máa rí lójú ẹni tí wọ́n ti sọ fún pé ilé ọtí ni a ń lọ. Mo gbá a mú, mo gbé e sábẹ́ tábìlì. Mo dìde, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ẹ kú ìjókòó. A bá yín níre o."

Ẹnu mi ló wá dáhùn, kì í ṣe èmi. Mo ní, "Bismillah, Alhaji. Ẹ wá bá wa jẹun."

Ìwọ náà mọ bí a ti ń ṣe é nílé wa. Ẹni tó ń jẹun gbọ́dọ̀ ní kí ẹni tó bá a wá jẹ, ẹni tó bá a á sì dúpẹ́, á ní kó gba ibi ire, á kọjá lọ. Ìyá mi ti fi ẹ̀bà pe gbogbo ará àdúgbò wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, n kò sì rí ẹni tó jókòó rí. Ṣùgbọ́n bí Hausa ti ń pe èèyàn ni mo ṣe pè é. Lọ́dọ̀ àwọn Hausa tí a jọ ń gbé, bí wọ́n bá ní Bismillah fún ọ nídìí oúnjẹ, wọ́n fẹ́ kí o jẹun lóòótọ́ ni. Bí o kò tilẹ̀ ní jẹ ju òkèlè kan lọ, wàá bù ú. Ogójì ọdún ni Alhaji ti fi gbé láàárín wọn.

"To," ni Alhaji wí. "Bismillah."

Ó bọ́ téèpù ọrùn rẹ̀, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́, ó padà wá, ó sì jókòó sí ìhà kẹrin tírè náà, bí ẹni pé òun ni wọ́n fi í sílẹ̀ dè. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà. Nígbà tí mo wá dìde kí n jókòó, ẹsẹ̀ mi gbá ìgò, ìgò náà yí gbirigbiri jáde lábẹ́ tábìlì, ó sì dúró lẹ́bàá bàtà Alhaji.

Ó bẹ̀rẹ̀ mú un. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ó gbé e ka orí tábìlì.

"Máàtì nìyí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló gbé e pamọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Máàtì lẹ ń gbé pamọ́? Bí ẹ bá ń fi máàtì pamọ́, kí ni kí ẹni tó rí yín rò pé ẹ ń mu?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, o mọ̀ mí, mo ní àlàyé tó lè kún odindi ìwé, ṣùgbọ́n Alhaji ti nawọ́ sí tírè. Ó ya máásà kan, ó fi kan ọbẹ̀, ó fi sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́. Ó dúró. Ó bu ìrẹsì díẹ̀, ó tún dúró. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí.

"Ta ló yan ibí yìí?"

"Èmi náà ni, sà."

Ó nawọ́ pe mánéjà, ó sì bi í ní Hausa, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, níbo ni iyọ̀ wà. Mánéjà náà na ìka sí mi. Ó ní wọn kò fi iyọ̀ sí i rárá, gẹ́gẹ́ bí màdáámù ọ́fíìsì wolé-wolé ṣe pàṣẹ nígbà tó wá yẹ ibẹ̀ wò lánàá. Ó ní kí Alhaji bá òun bẹ màdáámù kó má ti ibẹ̀ pa, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i ni.

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ọ́fíìsì wo lo ti ń ṣiṣẹ́?" ni Alhaji bi mí.

Ó ṣòro fún mi láti sọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ọdún kan nìyẹn, ó sì wá bá mi lórí tírè. Mo ní, "N kò tíì ríṣẹ́, sà. Mo kàn wá wò ó bóyá ibí yìí dáa ni, nítorí yín."

"O wá wo ibí sílẹ̀ dè mí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O wo ṣáláńgá?"

"Mo wò ó, sà."

"Ó mọ́?"

"Ó mọ́, sà."

Èjìká rẹ̀ ló kọ́kọ́ mì. Mo rò pé inú ló ń bí i. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ọmọ rẹ̀ ń wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí. "Ẹni tó bá fẹ́ tan èèyàn jẹ," ló wí nígbà tí èémí rẹ̀ padà, "kì í lọ wo ṣáláńgá sílẹ̀ dè é." Ó ní kí mánéjà gbé iyọ̀ wá, kó sì lọ fọkàn balẹ̀, màdáámù kò ní ti ibì kankan pa.

A wọ́n iyọ̀ sí i, a sì jẹ ẹ́. Alhaji sọ fún wa pé nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Kaduna, òun kò gbọ́ ju "sannu" lọ, obìnrin kan sì wà tó ń se tuwo lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá òun, tí àwọn tí kò mọ ara wọn rí máa ń jókòó yí àwo kan náà ká. "Inú àwo yẹn ni mo ti kọ́ Hausa," ló wí. "Bí o kò bá lè sọ pé kí wọ́n sún ẹran sọ́dọ̀ rẹ, ebi ni."

Ará Mahuta yíjú sí Alhaji. "Baba," ló wí, "maki nawa za a ba su cikin goma?" Ó ń bi í iye máàkì tí a máa fún wọn nínú mẹ́wàá. Mo fẹ́ ta á nípàá lábẹ́ tábìlì.

"Ṣé ìwọ kò gbọ́ Yorùbá ni?"

"Ina ji, Baba."

"Ó ní òun ń gbọ́." Alhaji mi orí. "Ẹ fún wọn ní mẹ́ta. Ọ̀kan fún adìyẹ, ọ̀kan fún omi tútù, ọ̀kan fún ṣáláńgá."

Ọ̀rẹ́ mi ṣí ìwé ẹlẹ́yìn búlúù náà, ó sì kọ ọ́. Alhaji dìde, ó gba téèpù rẹ̀, ó fi kọ́rùn. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ti kọjú sí ọ̀nà kó tó sọ̀rọ̀.

"Oúnjẹ yìí kò dáa," ló wí. "Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹ wá ibòmíràn."

Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e jáde. Ó rìn dé ẹnu géètì kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Mo rí i bó ṣe dúró gbagidi, tó bojú wẹ̀yìn. Èmi àti ará Mahuta ń wò wọ́n láti ìdí tábìlì títí bàbá òun ọmọ fi lọ, lẹ́yìn náà la pariwo débi pé mánéjà sáré jáde pẹ̀lú iyọ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rẹ́ mi ti wọlé ọkọ ní Zaria báyìí, ará Mahuta ti ta mọ́tò yẹn fún ẹni tó fẹ́ràn láti máa ti mọ́tò, èmi náà sì ti ríṣẹ́ olùkọ́, níbi tí wọ́n ti ń dákẹ́ gbọ́ mi, bí n kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá tọkàntọkàn ni. A jáde ní ọ̀pọ̀ Sátidé lẹ́yìn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tírè aláìníyọ̀ yẹn ni mo máa ń padà sí jù, mo sì ti ronú sí i títí. Ohun tí mo rí ni pé gbogbo ìgbà tí mo fi ń bẹ̀rù, ẹnu lásán ni mo fi ń pe èèyàn. Mo ń pe àwọn ẹlòmíràn wá sọ́dọ̀ mi, mo sì ń gbàdúrà nínú pé kí wọ́n dúpẹ́ kí wọ́n kọjá, kí wọ́n má baà jókòó, kí wọ́n má baà rí i pé oúnjẹ mi kò níyọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbà mí gbọ́, ó fọ ọwọ́, ó jókòó, ó rí i pé kò níyọ̀ lóòótọ́, ó sì ní kí wọ́n gbé iyọ̀ wá.

Títí di òní, bí mo bá ń jẹun tí ẹnì kan dé bá mi, mo máa ń kọ́kọ́ sún díẹ̀ lórí àga, kí àyè ti wà, kí n tó la ẹnu pè é.